Alùpùpù Tí Bàbá Mi Fẹ́ Fi Orúkọ Màmá Mi Rà

Olóòtú ètò wa àtàtà lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láyé. Bí kìnnìún bá gbọ́ ìró sálúbàtà mi, ṣe ló máa ń yà sínú igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi yá owó kékeré nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé wa, wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n ti san án tán, wọ́n sì ra bàtà ilé-ìwé fún wa láì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá fẹ́ yá òmíràn fún ẹ̀rọ kejì. Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ ni pé ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bàbá mi ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i, àfi tó bá jẹ́ alùpùpù làwọn máa fi owó náà rà.

Màmá mi ní, "Bàbá wọn, orúkọ mi ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ o."

Bàbá mi ní, "Ìyáàfin olówó! Orúkọ ta lò ń jẹ́?"

Ni mo bá dìde, mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe dáadáa!"

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí màmá mi ṣe?

Ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni ti kìnnìún. Èyí tẹ́ ò mọ̀ ni pé n kò dìde. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, màmá mi wo ojú mi, èmi náà sì bá bàbá mi rẹ́rìn-ín.