Ogún Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ọ̀gbun Abakpa

Èmi, Olúdáìsí Akínkúnlé Fájọbí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, olùkọ́ ẹ̀rọ rédíò tó ti fẹ̀yìn tì, tí ń gbé ní New Haven, Enugu, ni mo kọ ìwé yìí. Kíndìnrín ló ń pa mí lọ. Orí mi pé. Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Alámòójútó ogún mi ni Abímbọ́lá àbúrò mi, àti Kenechukwu ọmọ mi. Kenechukwu, o kò lè ka Yorùbá dáadáa. Jẹ́ kí àǹtí rẹ kà á fún ọ, má sì sọ pé ó gùn jù.

1. Oluchi ìyàwó mi ló ni ilé New Haven. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti ń sọ ọ́ lọ. Kí ẹbí mi kankan láti Iléṣà má wá sọ fún un pé Ìgbò ni.

2. Tẹ́ní ọmọ mi ló ni àpótí irinṣẹ́ mi. Kánádà ló wà, kò ní wá gbé e.

3. Kenechukwu ni mo fẹ́ fún ní ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún tí mo rì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun tí àgbàrá gbẹ́ sí Abakpa Nike, tí ń ṣọ́ bóyá ilẹ̀ ń yẹ̀. Ó ti kọ̀ ọ́. Mẹ́sàn-án péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́, bátìrì wọn kò sì ní gbé wọn dé ìgbà òjò. Bí kò bá sẹ́ni tí yóò pààrọ̀ wọn, kí ẹ sọ fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n kó jáde. Mo mọ̀ pé wọn kò ní ibi tí wọ́n máa kó lọ.

Kí bátìrì má baà tètè tán, mo ṣètò pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa sùn, kó máa jí díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ọ̀rọ̀ lé èyí tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ títí yóò fi dé orí kọ̀ǹpútà mi. Bí ilẹ̀ kò bá yí padà, kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Àgbọ́njù ni mo gbọ́n. N kò rò ó pé bákan náà ni ẹ̀rọ tó ti kú ṣe ń dákẹ́. Àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́bàá ilé Cyprian káfíńtà ló ń gbé ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn yòókù, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ kú. Mo rí ìdákẹ́jẹ́, mo pè é ní àlàáfíà. Cyprian wá bá mi pé ògiri òun ti sán. Mo ní kó padà sílé, pé ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀gbun gbé ilé náà àti òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìka àbámọ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

4. Mo fẹ́ fún Philomena, opó Cyprian, ní pílọ́ọ̀tì mi tó wà níbi tó tẹ́jú. Ó kọ̀. Ìyá rẹ̀ ará Ọ̀fà ni, òun náà gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ó sì ka ìwé yìí láti òkè délẹ̀. Òfin ní ẹni tí yóò jogún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ní ẹlẹ́rìí ni òun fẹ́ jẹ́. Nítorí náà Kenechukwu ló ni ilẹ̀ náà, yóò sì tà á.

Mo buwọ́ lù ú ní Enugu, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2025, lójú àwọn méjèèjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀.

O. A. Fájọbí

Ẹlẹ́rìí kìíní: Helen Ugwu, nọ́ọ̀sì, New Haven.

Ẹlẹ́rìí kejì: Philomena Eze, télọ̀, Abakpa Nike. Mo rí i nígbà tó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n Cyprian kò lọ bá a lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ.