Àga Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá mi, tí mo ń kí lórí ìdọ̀bálẹ̀,

Mo ru ẹrù òwú fún àwọn kọmàǹdáà òyìnbó títí àárín orí mi fi pá. Mo kó òkúta sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin nínú oòrùn tí aláǹgbá ń sá fún. Paramọ́lẹ̀ bù mí ṣán lóko Kpingni, mi ò kú. Ilé tí mo kọ́kọ́ kọ́ jóná pẹ̀lú iṣu ọdún kan gbáko nínú rẹ̀. Kámíọ̀n tí mo kọ́kọ́ rà dojú dé sínú odò, èmi sì jáde láti ojú fèrèsé bí ẹja. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé àwọn Fàdá kí ẹ tó wá mú mi kúrò, tí ẹ ní iṣu kò lè wa ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé tí mo ń kọ yìí fi rí wọ́gọwọ̀gọ. Lónìí, kámíọ̀n mẹ́ta ló ń kó iṣu mi láti Glazoué lọ sí Kùtọ́nu. Àwọn òyìnbó tó ń pàṣẹ fún mi ti padà sílùú wọn, èmi ṣì wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, Bàbá. Ta ni n ó tún fọ́nnu fún tó mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kámíọ̀n kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ igi ni.

Ṣé ẹ rántí ọkọ́ yẹn? Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ ní kí n gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ sí i. Mo gbẹ́ ẹ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ó wọ́ bí ìrù ajá. Ẹ ò bínú. Ẹ kàn gba irin ọkọ́ náà lọ́wọ́ mi, ẹ fi há àjà yàrá yín, ẹ ní ọwọ́ mi dára fún ẹrù rírù. Mo sì ru ẹrù. Ọjọ́ tí ẹ kú, ẹrù ló wà lórí mi lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n ti sin yín kí n tó dé. Ǹjẹ́ ẹ béèrè mi? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mi ò sì lè béèrè.

Nígbà tí mo fa iṣẹ́ kámíọ̀n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ nípa ọwọ́ mi. Mo kọ́ ilé iṣẹ́ igi sẹ́yìnkùlé. Mi ò fẹ́ ta nǹkan kan níbẹ̀. Fún ìgbádùn ara mi ni. Ògiri amọ̀, òrùlé páànù, fèrèsé tó kọjú sí òkè tí ilé àti sàréè yín wà. Igi apá ni mo fi ṣe tábìlì iṣẹ́, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé pákó rẹ̀ wọlé. Mo ra ayùn mẹ́ta ní Kùtọ́nu, mo ra ìfági tó ń mú ojú pákó dán bí awọ ọmọ tuntun, mo fi gbogbo wọn kọ́ ara ògiri. Àáké kékeré yín ló wà láàárín wọn. Ìyàwó mi ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé Bàbá ń fi igi ṣeré bí ọmọdé ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣe é lórí òkè ni mo ṣe é, ó kúrú, ó tóóró, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ́kọ́ tẹrí ba. Lásísì, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wá wò ó. Ó ní, "Bàbá, ṣé ilé iṣẹ́ lẹ kọ́ ni àbí ihò òkété?" Mo ní kò sẹ́ni tí yóò gbórí sókè wọlé bá àáké bàbá mi.

Mi ò lo ìṣó irin kankan fún àga gbọọrọ tí mo kàn níbẹ̀, Bàbá. Ìṣó igi ni, bíi tiyín. Mo sá wọn sókè ààrò ìyàwó mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èéfín sọ wọ́n di dúdú. Mo ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì ń ju èyí tó bá dún bọ̀ọ̀ sínú iná. Mo sì fi ìrù sílẹ̀ lára ìṣó kọ̀ọ̀kan, tó gùn tó àtàǹpàkò, tó yọ síta. Mo bi yín léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ kì í gé ìrù yẹn kúrò. Ẹ ní ohun tí a bá dè, a ó tú u. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ọ̀lẹ ló mú yín. Lásísì ní kí n gé e, pé àga mi dà bí òòrẹ̀. Mi ò gé e. Mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Àga tí mò ń wí yìí, ti àkọ́bí yín ni. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù kẹjọ ó gbọ́dọ̀ lọ sí Arigbo, ibi àpáta tí àwọn Fàdá ti ń ṣe Mísà ọdọọdún, orí òkúta ló sì ń jókòó sí títí Mísà yóò fi parí. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin méjì ló fà á dìde. Ẹ mọ ẹnu mi. Mo dúró níwájú ilé ìjọsìn lójú gbogbo ayé, mo ní lọ́dún yìí orí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó sí, òun àti ìyá àgbà méje mìíràn.

Ó ku ọjọ́ kan kí àjọ̀dún Arigbo pé. Ọkùnrin mẹ́fà wá gbé àga náà lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi máńgòrò, ó ró aṣọ tuntun. Wọ́n gbé àga dé ẹnu ọ̀nà. Kò gbà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, kò gbà. Wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ há mọ́ ògiri. Ẹnu ọ̀nà tí mo kọ́ nítorí yín, Bàbá, mi ò wọ̀n ọ́n rí.

Ni Lásísì bá ní, "Bàbá, ẹ ti bímọ sínú ìgò. Ẹ jẹ́ kí Ìyá kúkú wá jókòó síbí, kí a lọ gbé Arigbo wá bá wọn." Ẹ̀rín bẹ́. Ọmọ tèmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti mú ọkọ́ láti fi wó ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má wó o. Ẹnu ọ̀nà bàbá wa nìyẹn. Òkúta yẹn ò tíì pa mí, n ó jókòó lé e."

Bàbá, ejò Kpingni kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo di àga náà mú láti fà á padà, ìrù ìṣó kan sì gún mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn yín pé ohun tí a bá dè, a ó tú u.

Mo ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo mú kùmọ̀ igi, mo fi èédú sàmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo kan ìṣó láti ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín, mo di ìrù rẹ̀ mú, mo fà á. Ó jáde bí eyín ọmọdé. Ìkejì jáde. Gbogbo méjèèjìlá jáde. A kó àga náà gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá ní ẹyọ ẹyọ, mo sì tò ó padà nínú oòrùn lójú gbogbo wọn, kí agogo ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ta ló lè tú ìṣó irin bẹ́ẹ̀ láìfa pákó ya? Ṣé nígbà tí ogun ń lé yín lẹ kọ́ ọ, tí ẹ ń tú ilẹ̀kùn kó sá gun òkè? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ó mi ìdí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì. Àga kò ké. Ó ní ó ga díẹ̀ fún ẹsẹ̀ òun. Kò sì dìde níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ní Arigbo, ìyá àgbà mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n fún ara wọn pọ̀ bí iṣu nínú àká, Fàdá sì béèrè ẹni tó ṣe é. Gbogbo ọwọ́ ló nà sí mi. Lásísì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó ń wá ìṣó irin. Ó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni igi ń lò lókè ààrò. Mo ní kó wá sílé wá kọ́ ọ. Ó wá, ó tẹrí ba kó tó wọlé.

Mi ò ní fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn.

Irin ọkọ́ yẹn ṣì wà ní àjà yàrá yín lórí òkè, mo rí i. Mo ti gé igi àyìn, ó ti gbẹ lókè ààrò, mo kàn án mọ́ òkúta, ó dún dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó gun òkè wá, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Ojú yín ni n ó ti fi ẹ̀rúkọ́ sí ọkọ́ yẹn, n ó sì fi ro koríko orí sàréè yín. Bó bá wọ́, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ rí i. Kò ní wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ gbé ẹrù lé lórí, tó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.