Ẹnu Méjì Ló Ń Jẹ Lórí Ebè Wa

Ayọ̀bọ̀, Èkó.
Ọjọ́bọ̀.

Àǹtí Agnes mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbọ́ búburú yín. Tiwa ṣá, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí, méjì ti kú nínú abo ehoro mẹ́ta tẹ́ ẹ fún Màmá. Èmi ni mo pa wọ́n. Màmá ò mọ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé wọn wá, ẹ ní, "Ewé tí oníbàárà ò fẹ́, ehoro á jẹ ẹ́, ìgbẹ́ ehoro, ẹ̀fọ́ á jẹ ẹ́." Mo fi yín rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ẹ má bínú. Òótọ́ ni. Màmá ò ra ajílẹ̀ mọ́, kò ra oúnjẹ ẹran. Ebè mẹ́fà péré, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ ò tíì kọ́, òun ló ń bọ́ wa. Ọmọ ehoro la tà san owó ilé. Èyí tí wọn ì bá bí lóṣù yìí ni Màmá fẹ́ fi dá mi padà sílé ìwé, torí láti JSS3 ni mo ti wà nílé.

Kòkòrò ló dé sí ẹ̀fọ́. Màmá ní kí n máa fọwọ́ ṣà wọ́n láràárọ̀. Ó ní, "Oògùn ò gbọdọ̀ kan ebè yìí o, Tòún. Ẹnu méjì ló ń jẹ níbẹ̀." Ó sú mi jàre. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá, èmi ń ṣa kòkòrò. Ni mo bá gba àṣẹ́kù oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Olúwadọ̀tun tó ń gbin àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó bi mí pé, "Ìyá ẹ mọ̀?" Mo ní ó mọ̀. Mo fín in sórí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo rò pé mo máa gé koríko fún àwọn ehoro kó tó dé. Mo sùn lọ. Ó dé, ó já ewé fún wọn bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, méjì ti le gbagidi. Ìkẹta nìkan, tí oyún ò jẹ́ kó jẹun púpọ̀, ló kù. Màmá ń fọ ilé wọn, ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Àbí omi tí mo fún wọn ni ò mọ́?" Mo ń bá a pọn omi.

Àǹtí, ó kù kan. Ìyá Princess tó ń ra ẹ̀fọ́ wa tà ń bọ̀ lọ́la wá gé gbogbo ẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ yọ ìdì kan sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilé ìwé ti lọ nìyẹn. Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?

Ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín gbìn, ẹ ò ní fọwọ́ ara yín bà á jẹ́. Àmín.

Èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
Tòún

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí lánàá kí n tó dìde lọ bá Màmá, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Princess ńkọ́, Tòún?" A fa gbogbo ẹ̀fọ́ náà tu, a rì í mọ́lẹ̀. Ìyá Princess dé láàárọ̀ yìí, ó ní, "Ẹ ti rí oníbàárà tó lówó jù mí lọ, àbí?" Màmá sọ òótọ́ fún un. Ó gbé abọ́ òfìfo rẹ̀ rù, ó ní, "Ẹ pè mí tí tuntun bá hù." Ehoro tó kù ti ń fa irun àyà rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ibi tó máa bímọ sí. A ò mọ̀ bóyá wọ́n máa yè. Màmá ní tí wọ́n bá yè, èmi ni mo máa máa rìn lọ gé koríko wọn títí ebè á fi hu ewé. Mo ti pọ́n àdá.