Bí Ogun Sùdáànì Ṣe Wọ Agbo Ilé Wa

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Àdúgbò Pàkátà,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Tẹniọlá,

O kú àtijọ́ o, o sì kú àárò mi. Ṣé ara le? Bàbá Tẹniọlá ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó máa gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Tẹniọlá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Tiwa dára. Kòkòrò kò tíì wọ ẹ̀wà tí mò ń tà lọ́jà Ìpàta, mo dúpẹ́.

Ìwé ni mo kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, káàdì ẹgbẹ̀rún méjì kò ní í gbé e dé ìdajì. Àdìsá onímọ́tò sì ń bọ̀ ní Ọ̀mù-Àrán lọ́la, ọ̀fẹ́ ni yóò mú ìwé. Saeedah ti dé. Ọmọ mi tí o gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé lórí ti dé láti Sùdáànì tó ti ń kàwé. Ó ń sùn nínú yàrá tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń hanrun, bó bá sì ti hanrun ni ẹ̀rín ń pa mí.

Mo bi í pé kí ló fa ogun náà gan-an. Ó ní ìlú yẹn ti pín sí méjì tipẹ́, ariwo rẹ̀ ni kò tíì jáde. Àwọn ọ̀gá ológun méjì ló jọ gba ìjọba. Ọ̀kan ló ni sójà ìjọba, èkejì ní ọmọ ogun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n jókòó lórí ẹní kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn, olúkúlùkù sì ń ka ìbọn tirẹ̀. Nígbà tó di pé kí wọ́n da ọmọ ogun méjèèjì pọ̀, ọ̀kan ní kó parí láàárín ọdún méjì, èkejì ní ó di ọdún mẹ́wàá. Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n fi ń pa ọmọ ènìyàn?" Ó ní, "Màámi, ta ni yóò wà lábẹ́ ta ni, gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ààwẹ̀ ló bẹ́. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ti jẹ sààrì, wọ́n ti padà sùn, ni wọ́n bá gbọ́ gbì, gbì. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní àwọn tó ń já gáàsì sílẹ̀ ni, kí Saeedah jẹ́ kí òun sùn. Nígbà tí wọ́n ń ṣínu nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà wọn ní, "Ọjọ́ méjì péré ni. Àwọn ọkùnrin ló ń bínú." Ó tún fi ṣúgà kún tíì wọn. Ọjọ́ méjì náà kò tíì pé títí dòní.

Tiwọn nìyẹn. Gbọ́ tiwa. O mọ Hàjíà Bàríkísù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọdún méjìdínlógún la ti jọ ń lo ilé ìdáná kan, àwa náà ń rẹ́rìn-ín síra wa. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, fóònù Saeedah kò lọ mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí Hàjíà lórí Wáàsáàpù pé bọ́ǹbù bọ́ sí ilé tí Saeedah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé. Hàjíà ní ó ti parí, kí á ṣe fídáù fún un, kí á ṣe àdúà òkú. Mo ní, "Ta ló rí òkú?"

Ó ní, "Ìwọ ìyàwó yìí, olórí kunkun ni ọ́. Ṣé kí ọmọ wa máa rìn káàkiri láìrí àdúà ni?"

Mo ní kó máa rìn káàkiri, ó kúkú lẹ́sẹ̀. Bí mo bá fi lè jókòó níbi fídáù yẹn, mo ti fọwọ́ sí i pé ọmọ mi kú nìyẹn.

Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Hàjíà gbé sítóòfù rẹ̀ jáde sí gbangba. Ìyàwó ilé tó bá bá mi pọnmi, àwọn ti Hàjíà kì í kí i. Ọkọ mi Àbdùlkàdírì ń jẹun lápá ọ̀tún, ó tún ń jẹun lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú. Níbi tí àwa ti ń sunkún, òun ń sanra.

Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣe fídáù náà. Hàjíà pa àgbò, ó dín mósà agbada mẹ́ta. Èmi ti ìlẹ̀kùn yàrá, mò ń ṣa ẹ̀wà. Lásìkò yẹn gan-an, Saeedah ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Àbújá. Ìjọba ló kó wọn gba Íjíbítì wálé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba fóònù rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì mọ nọ́ńbà kankan sórí, àfi èyí àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ kò lò mọ́. Ó wọ kẹ̀kẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ ní òun kò lè dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ti tẹ́ ẹní dí títì, pé wọ́n ń ṣe fídáù ọmọ kan tó kú sí Sùdáànì.

Saeedah bú sẹ́kún. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé ni. Ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, ó fi híjáàbù bojú, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa. Ẹ jọ mọra ni?" Wọ́n gbé mósà fún un. Ebi ń pa á, ó jẹ mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Áàfáà àgbà ń tọrọ àforíjìn fún òkú, tó dárúkọ Saeedah ọmọ Àbdùlkàdírì. Gbogbo wọn ṣe àmín. Saeedah náà ti ṣe àmín kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Ó wá gbé mósà mì, ó ní, "Áàfáà, ẹ jọ̀ọ́, èmi nìyẹn."

Nínú yàrá tí mo wà, mo rò pé wọ́n ń jà sí ẹran ni. Mo gbé atẹ ẹ̀wà jáde, mo rí ọmọ mi tí òróró mósà wà lẹ́nu rẹ̀, Hàjíà sì wà nílẹ̀, ó ń tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ Saeedah wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ènìyàn ni. Gbogbo ẹ̀wà dànù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, èyí nìkan ni mo dà nù tí n kò ṣà.

Áàfáà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àdúà kì í ṣòfò, kí á sọ ọ́ di sàráà ọpẹ́. Àgbò kan náà, mósà kan náà, a kò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Hàjíà wò mí, ó ní, "Ìyàwó, o ṣẹ́gun." Mo ní, "Hàjíà, ẹ jẹ́ ká gbé sítóòfù yín wọlé, òjò ń bọ̀."

Mo sọ fún Saeedah pé ogun tiwa tètè parí. Ó ní ẹni tí a ń torí rẹ̀ jà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ó tún ní òun kò mọ nọ́ńbà ìyá oní-tíì náà.

Nítorí náà mo ti wá wàláà tó fi kọ́ kéwú ní kékeré jáde, mo fi tàdáà kọ nọ́ńbà mi àti ti Hàjíà sí i. Láràárọ̀ ni Hàjíà ń gbé pàṣán dání, tí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ń ka nọ́ńbà bí ọmọ ilé kéwú. Kò ní í rí kókó mu àfi tó bá kà á parí láìwo wàláà. Lánàá ó fo òdo kan, Hàjíà ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Tẹniọlá, kí o sì kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wa gbààwẹ̀. Ogún mósà ni mo fi rán Àdìsá sí ọ. Bí kò bá pé, o mọ ẹni tí wàá bi. Kí o tó jẹ ẹ́, pe Tẹniọlá, kó ka nọ́ńbà rẹ fún ọ láìwo fóònù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó sùn,

Hàlímọ̀tù, Ìyá Saeedah.