Ibùdókọ̀ Tí Gbogbo Èrò Ti Ń Sọ̀kalẹ̀

Ilé wa, Uso.

Ṣèyíọlá ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú atẹ́gùn òkun, kú ariwo reluwé. Òkun kò ní gbé ọ lọ, reluwé kò ní já ọ sílẹ̀, lágbára Jésù. Àlàáfíà la wà, àfi ewúrẹ́ Kúbúrá aránṣọ tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi tán tó tún ń wò mí lójú.

Ọ̀rọ̀ Ọlámúyìwá àbúrò rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Láti ìgbà tí òun àti bàbá yín ti jà lórí oko kòkó wa ní Afo, tó bínú lọ sí Èkó, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi èyí tí o sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ rí i nínú reluwé, tí kò mọ ibi tó ti sọ̀kalẹ̀.

Wàyí o, ìwé ìtàn ibùdókọ̀ reluwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó níbẹ̀, èyí tí o kọ, tí o fi rán Yahya awakọ̀ sí wa, ti dé. Mo ń kà á sókè fún bàbá yín. Bí mo ṣe ka “ibùdó ìkẹyìn” báyìí, wọ́n ṣí fìlà, mo figbe ta, Kúbúrá sáré wọlé, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ní ará wo ló fẹ́ra kù, ọmọ mi ṣì ń gbowó oṣù! Bàbá Ìjọ Jonah ló là wá lọ́yẹ̀ pé irin tí reluwé ń gbà ló parí síbẹ̀. Bàbá yín ní kí ló dé tí irin fi tán, ṣé agbaṣẹ́ṣe ti jẹ owó ìyókù ni?

Ìtàn náà dùn, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. O ní yanrìn àti àgbọn nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn apẹja ń sá ẹja, kí ìjọba tó kọ́ ibùdókọ̀. Pé ọdún tí wọ́n ṣí i náà ni òkun wọlé láìra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n tì í, wọ́n tún un kọ́. Ọdẹ wo wá ló tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ni ọba ibẹ̀? Bàbá yín ní ibùdó tí kò ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ilẹ̀ ìjà ni, kí o yáa fi orúkọ wa síbẹ̀ kí àwọn ará Isuada aládùúgbò wa má baà gbà á. O tún ní iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ náà. Yéè! Iná tó ń lọ bí mo bá ṣáà ti gbé áyọ́ọ̀nù? Jọ̀ọ́, máa mú àtùpà dání.

Ibi tí inú mi ti wá dùn ni ibi tí o kọ pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè kọjá. Ṣèyí, gbogbo èrò! Ṣé Ọlámúyìwá kì í ṣe èrò ni? Ibi yòówù kó máa lọ, ọjọ́ kan ni yóò já sí ọ lọ́wọ́. Máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. O mọ ìrìn rẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè, ìrìn bàbá yín gan-an. Bí o bá rí i, má bá a jà, di aṣọ rẹ̀ mú, sọ fún un pé ìyá ń sunkún. Irọ́ kọ́, mo ń sunkún.

Èmi náà ń bọ̀ wá bá ọ ṣọ́ ọ̀nà. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Bàbá yín ti búra pé àwọn ò ní wá ọmọkọ́mọ kiri. Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ọmọ tìrẹ náà kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abigail.

Owó ọkọ̀ èèyàn méjì ni kí o fi ránṣẹ́ o. Bàbá yín ti wọ bàtà láti àárọ̀, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ.