Adìẹ Tó Fi Bàtà Mi Ṣe Ìyá

Màámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ara mi le, iṣẹ́ sì dùn. Òròmọdìẹ ni mò ń tọ́jú níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwà ẹranko. Ẹ̀rọ ló sàba lé ẹyin wọn. Bàtà mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ìyá. Lánàá, a gbé adìẹ tó yé wọn wọlé. Ṣe ni wọ́n sá sẹ́yìn bàtà. Aláìmoore! Ọ̀gá ní kò sí àtúnṣe mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ má bínú pé mo pa fóònù lójijì ní Sọ́ńdè, nígbà tí ọmọ rí ojú mi nínú fóònù tó sì sá sẹ́yìn yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní àǹtí inú fóònù ni.