Àkọ́so Oògùn Bàbá Yín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le koko? Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, kí ìdààmú má mọ ojúlé yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí o, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní kò sí ẹlòmíràn ní kíláàsì wa tó lè kọ ojú ewé méjì láìsinmi, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé sì ń wò mí bí ìran.

Owó ìpè tí o fi sórí fóònù mi dé. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé mi ò pè ọ́. Alùfáà ìjọ wa ló wàásù nípa àkọ́so, pé ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ wọlé, tó sì dára jù, ti Olúwa ni, kí ẹnu tiwa tó kàn án. Ẹyin tí adìẹ mi kọ́kọ́ yé, mo gbé e lọ. Tòmátì tó kọ́kọ́ pọ́n, mo gbé e lọ. Owó ìpè rẹ wá dé, mo ní ìpè àkọ́kọ́ ti Olúwa ni, mo bá pe alùfáà kí wọ́n gbàdúrà sí fóònù náà, wọ́n ń gbàdúrà lọ, wọn ò tí ì dé ìdajì, owó tán. Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ibí yìí ni kí o ti rín in, torí ohun tó kù kò lẹ́rìn-ín nínú.

O ti gbọ́ pé wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá yín. Ẹni tó sọ fún ọ kò mọ ohun tó fà á, èmi àti alùfáà wa nìkan la mọ̀ ọ́n.

Ìṣó tó dógùn-ún ló gún wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n lo hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n wá máa lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, pé mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ló lágbára jù. Àkọ́kọ́ rèé, èyí tó dára jù rèé, kí ló tún kù? Mo fi bébà funfun wé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sọ ọ́ sínú àpótí ọrẹ. Bàbá yín bi mí bóyá ẹyọ kan péré ni nọ́ọ̀sì ní kí àwọn lò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, mo ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó ti ń rùn, a gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà béèrè bóyá wọ́n lo mẹ́rin yẹn. Mo ní wọ́n lò ó. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi.

Akọ̀wé ọsibítù gbé fọ́ọ̀mù àti yíǹkì wá pé kí n tẹ̀ka. Mo ní rárá o, èmi ti kọjá atẹ̀ka. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà, mo tún fi ọjọ́ sí i, akọ̀wé ní ìyá yìí mà kàwé o, orí mi wú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ka ohun tó wà lókè ìlà. Ìwé pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ni. Àkọ́so ìwé tí mo kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, alùfáà gbé bébà funfun náà wá sílé, wọ́n ní ta ló ni ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé, alùfáà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní oko tó bá so là ń mú àkọ́so rẹ̀ wá, pé oògùn aláìsàn kì í ṣe ìkórè. Wọ́n ní kí n dárí ji àwọn, pé àwọn wàásù láìtú u palẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí bàbá yín má gbọ́.

Àwọn ará àdúgbò ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá yín ni wọ́n gé. Àràárọ̀ ni bàbá yín ń bi mí pé kí ni àwọn fi ṣẹ Ọlọ́run.

Mo kọ ìwé yìí débí, bàbá yín ní kí ni mò ń kọ tó gùn tó báyìí, kí n kà á kí àwọn náà gbọ́ bí ìyàwó àwọn ṣe ń kàwé. Mo kà á. Mi ò fo ìlà kan.

Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ò lè fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, kí o fi owó ránṣẹ́ ká ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, iyekíye tí agbára rẹ bá gbé. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan oògùn àwọn mọ́ láyé, onígbàjámọ̀ ìtòsí wa ni yóò máa fún wọn.

Mo fẹ́ gbàdúrà fún ọ bí ìṣe mi, wọ́n ní kí n dákẹ́, àwọn ni yóò ṣe é, kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe wí i gẹ́lẹ́, kí n má fi tèmi kún un: Kí Ọlọ́run má gba ohun tí o kò mú wá lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni mo ṣe àmín.

Ìyá rẹ